Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

"Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́, mo ní! Àbí òkúta náà bú ìyá ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bá ọmọbìnrin náà sọ láyé nìyẹn. Kò kí i, kò bi í léèrè ibi tó ti wá. Ó kàn dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń gbẹ́ mábù, sanpépà lọ́wọ́ kan, ike omi lọ́wọ́ kejì. Eruku funfun bò ó láti irun orí dé bàtà, tó fi jẹ́ pé ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló ṣì dúdú lára rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gbé òòlù sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn ní ilẹ̀ òkèèrè tó wá kọ́ṣẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, àárò ilé sì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń gbàgbé ẹnu rẹ̀ sílé.

"Ìwọ ni ọ̀gá ibí?"

"Ọ̀gá kẹ̀? Pọ́líìṣì ni tèmi. Èmi ni mo máa ń fi omi àti sanpépà ra ohun tí ẹ bá gbẹ́ títí á fi dán. Ohun tí ẹ bá bà jẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni àṣírí ẹ̀ ti ń tú. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Ó gba irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹnu irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára òkúta.

"Wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Tí o bá nà án lóòró gangan bí o ṣe ń ṣe yìí, oò ní rí nǹkan kan lónìí. Ojú ẹ̀ á dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ ti fọ́ bí iyọ̀. Ọjọ́ tí mo bá mú un dán ni àpá á yọ síta, funfun bí ẹfun. Bí mo bá sì ṣe ń rà á tó ni á ṣe máa hàn tó. Kò sí oògùn ẹ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Ọwọ́ òsì lo tún fi ń lu òòlù! Ọ̀ràn dé. Báwo ló ṣe máa yé òkúta?"

"Ọwọ́ òsì yìí náà ni mo fi ń gbá ènìyàn létí. Ó máa ń yé wọn."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí eruku fi ń já bọ́ lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ọmọbìnrin náà fẹ́ le ojú, ojú kọ̀, kò le. Láti ọjọ́ náà ló ti di Ọlọ́wọ́-Òsì lẹ́nu gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì. Òun náà kò sì pe ọkùnrin náà ní orúkọ mìíràn mọ́ ju Jẹ́jẹ́ lọ.

Bàbá Ọlọ́wọ́-Òsì ń ṣe òkúta ibojì nílé. Kò sí òkú olówó tàbí òkú tálákà ládùúgbò wọn tí kò sùn sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó tirẹ̀ kú, bàbá náà gbé òkúta kalẹ̀, ó mú irin lọ́wọ́, kò sì rí nǹkan kan gbẹ́ sí i. Òkúta pẹlẹbẹ lásán ló wà lórí ibojì ìyá náà. Ìdí tó fi gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun nìyẹn: kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ojú ènìyàn sára mábù, kó sì gbé ojú ìyá rẹ̀ bọ̀ wálé.

Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, kò fara mọ́ ọn rárá. Onítípà kan wà tí ń kó yanrìn, tí àǹtí ti bá sọ̀rọ̀ ìyàwó.

"Ọkọ wà nílẹ̀, ìwọ ń lọ kọ́ òòlù," ni àǹtí wí lọ́jọ́ tó ń di ẹrù. "Ṣé òkúta ló máa bímọ fún ẹ?"

"Àǹtí, tí mo bá dé, a ó jọ sọ ọ́."

"Àá sọ ọ́. Onítípà á ti jókòó sí pálọ̀ kó tó di pé o gbé báàgì sílẹ̀."

Òfin ilé ẹ̀kọ́ náà kò le láti mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi amọ̀ mọ orí kan, á wá gbẹ́ ẹ sára mábù. Tí ọ̀gá bá gba iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbé e, ó ń lọ sílé nìyẹn. Tí kò bá gbà á, wọ́n á fún un ní òkúta mìíràn, á sì dúró ṣe sáà kan sí i. Ìyá arúgbó kan ni ọ̀gá wọn. Eruku òkúta ti jẹ ọ̀fun rẹ̀, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Jẹ́jẹ́ náà rí. Òkúta rẹ̀ kò yege, wọ́n fún un ní òmíràn, ìyẹn náà kò yege. Nígbà tó yá, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó mú sanpépà, ó sì di ará ilé. Kò sí ẹni tó mọ òkúta mú dán bí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó ń bínú sí ẹni tí ń lọ sílé bí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi ń bò ó.

Ìfẹ́ wọ àwọn méjèèjì lára wẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó lórí mábù tó ti là sí méjì lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n á pín búrẹ́dì. Jẹ́jẹ́ á fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Á mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó, á tì í bọ inú omi.

"Pẹ̀lẹ́, ayọ̀ mi. Ọwọ́ yìí ò ní pa ẹ́."

"Ìwọ lo máa pa mí. Oúnjẹ mi lo ń jẹ."

"Tí mo bá fẹ́ ẹ tán, tìẹ-tèmi ò sí mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo gbà?"

"Búrẹ́dì tí o pín fún mi ló sọ ọ́."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Bó bá jí láàárọ̀ tó gbọ́ ohùn òòlù láti òkèèrè, ọkàn rẹ̀ á ti sá lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì kí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà.

Jẹ́jẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Kí ni màmá wí?"

"Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọbìnrin tó wà láyé, ọmọ ẹni tó ń ti ara òkú jẹun ni mo rí. Wọ́n tún ní tí mo bá fi ọwọ́ òfo wálé, kí n má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Mo ní wọ́n kí ẹ."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Lọ́jọ́ kan náà ló pe bàbá tirẹ̀.

"Bàámi, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́."

Bàbá ní kó dúró kí òun gbé òòlù sílẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ̀?"

"Pọ́líìṣì ni, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó yọjú sí yín lórí fóònù."

"Ojú kí ni mo fẹ́ rí? Gbogbo ènìyàn ló lójú. Ìwọ gbẹ́ ìyá ẹ, kí òun mú un dán. Ẹ gbé e wá. Tí mo bá fọwọ́ pa òkúta náà tí mo rí i pé ọwọ́ ènìyàn gidi ló kàn án, mo gbà fún un, àǹtí ẹ á sì gbé ẹnu dákẹ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wàá wá jókòó ti onítípà."

"Ẹ ṣeun, bàámi!"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Má sọ fún un o. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, iṣẹ́ ojú ayé ló máa ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí. Ṣé o ṣèlérí?"

Ó ṣèlérí. Láti kékeré ni kì í ti í yẹ àdéhùn bàbá rẹ̀. Ó wá ń gbé ayọ̀ náà kiri bí ẹni tó pọn ọmọ tí kò gbọdọ̀ ké.

Ojú ìyá rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú mábù. Imú kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ètè tó máa ń ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí ètè náà yọ, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún. Jẹ́jẹ́ wá dúró tì í.

"Ó kù díẹ̀ kó parí," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ó kù díẹ̀."

"Tí ọ̀gá bá gbà á, wàá lọ?"

"Màá lọ."

"Onítípà ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ibo ni kó lọ?"

"Èmi wá ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó fi ìka kan ara mábù, ó fi eruku rẹ̀ kùn ún ní imú. "Ìwọ náà á rí i," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Kò mọ̀. Ẹni tí ayọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀ rò pé gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ.

Irin eléyín ló ń lò sí ojú náà lásìkò yẹn, irin tí ẹnu rẹ̀ rí bíi kóòmù, tó máa ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sára òkúta. Nítorí pé ọwọ́ òsì ló ń lò, ìlà tirẹ̀ máa ń wọ́ sí apá kan, ti gbogbo ará ṣẹ́ẹ̀dì yòókù á wọ́ sí apá kejì. Ó lo ọjọ́ ìsinmi kan nínú yàrá rẹ̀, ó ń fọ aṣọ. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé ìlà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ìyá rẹ̀ ń wọ́ sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Ó sì mọ ẹni náà, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Jẹ́jẹ́ rí i pé ó ti rẹ̀ mí ni, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Ó wá bá mi ṣe díẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀. Ọkàn rẹ̀ yọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà níbi tí ìlà náà wà. Lẹ́yìn náà ló mú fáìlì, irin tí wọ́n fi ń ha òkúta, ó sì fá a títí ó fi jọ̀lọ̀.

Nígbà tó kan iṣẹ́ pọ́líìṣì, ó gbé orí náà lọ bá Jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni kí o mú un dán."

Jẹ́jẹ́ kò wo òkúta náà. "Gbé e fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Ọmọ yìí, mo ní iṣẹ́ pọ̀!"

Kò pariwo mọ́ ọn báyìí rí. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọba. "Tìtorí mi. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́. Tí kò bá jẹ́ ìwọ, kò wúlò fún mi."

Ó gbà á. Ó da omi sí i. Sanpépà líle ló kọ́kọ́ lò, ó wá mú èyí tó rọ̀ jù ú lọ. Òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ́lẹ̀ sínú bí awọ ara ènìyàn. Ọlọ́wọ́-Òsì dúró tì í, ó ń rí ìyá rẹ̀ tó ń padà bọ̀. Nígbà náà ni àpá yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó kọ́kọ́ dà bí omi ọṣẹ. Ọmọbìnrin náà fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Àpá náà tò léraléra, ó gùn, ó funfun bí ẹfun, bí ojú ìka lára ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọ̀gá wá. Ó wúkọ́. Ó gbé orí náà síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Wọ́n nà án lóòró," ló wí. "Ó mà ṣe o. Mi ò lè gba eléyìí. Wọ́n á fún ẹ ní òkúta mìíràn, ọmọ mi. Wàá ṣe sáà kan sí i."

Ọlọ́wọ́-Òsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

"Má sunkún, ayọ̀ mi. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dé lo ṣe é. Ṣebí mo kìlọ̀ fún ẹ? Ìwọ lo nà án lóòró. Kò burú. Àá jọ wà níbí, àá tún òmíràn gbẹ́."

Ó gbà á gbọ́. Ó gbé ẹ̀bi náà sórí, ó ń bá a sùn, ó ń bá a jí. Ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó ń wo olè. Ọwọ́ yìí ló ba ìyá òun lójú jẹ́. Ọwọ́ yìí ló já ìfẹ́ òun gbà lọ́wọ́ òun. Kò lè pe bàbá rẹ̀.

Ó ń kọjá lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó rí mábù tó là sí méjì, èyí tí wọ́n máa ń jókòó lé. Ó dúró. Àpá òòlù tirẹ̀ wà lára rẹ̀, gbogbo ibi tó ti nà án lóòró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àlòkù ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún un, wọn kò tíì gbé òkúta ìyá rẹ̀ dé rárá.

Ìgbà náà ló rántí ìlà irin eléyín, bó ṣe wọ́ sí apá kejì. Ẹni tó fa ìlà náà, ó ń fi í bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ó sì rántí pé òun fi ẹnu kò ó.

Kò pariwo. Kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ó gbé orí náà padà lọ sórí tábìlì Jẹ́jẹ́.

"Mú un dán sí i."

"Wọn ò gbà á mọ́, ayọ̀ mi. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"

"Mò ń gbé e lọ sílé. Mi ò lè gbé òkúta tí kò dán fún bàámi. Mú un dán."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé àga, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ní òun ti parí, ọmọbìnrin náà ní kò tíì tó. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé àga wá. Sanpépà ń rọ̀ sí i, òkúta ń dán sí i, àpá ń hàn sí i. Àwọn ará ṣẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n, wọ́n dẹ́kun àwàdà. Omi tí Jẹ́jẹ́ ń dà sí i ń ṣàn kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lọ sílẹ̀.

"Sí i," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Jọ̀ọ́."

"Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè ẹ́. Ṣe é jẹ́jẹ́. Sí i."

Ọkùnrin náà ju sanpépà nù, ó bo ojú.

"Mo fẹ́ kí o dúró ni!" ló ké. "Sáà kan péré. Mi ò rò pé á dùn ẹ́ tó báyìí. Òkúta ni mo pè é. Gbogbo ènìyàn ló ń gbé òkúta wọn lọ sílé tí wọ́n ń fi mí sílẹ̀ níbí. O fẹ́ lọ bá onítípà, o sì ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

Ọlọ́wọ́-Òsì ṣa sanpépà náà nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó burú jù nínú ọ̀ràn náà nìyẹn, ìfẹ́ náà kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti kú.

"Bàámi ló ní kí o mú un dán," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo ti sọ̀rọ̀ ẹ fún wọn. Wọ́n ní tí àwọn bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ lára màámi, àwọn á fi mí fún ẹ. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ. Ẹ̀rín tí mò ń rín nìyẹn."

Jẹ́jẹ́ kúrò nídìí tábìlì. Ó dojúbolẹ̀ sínú omi eruku, ó di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà mú.

"Má lọ. Dúró, ká gbẹ́ òmíràn. Màá mú un dán, màá fi ẹ̀mí mi mú un dán. Sọ fún bàbá..."

"Kí n sọ kí ni fún wọn?"

"Sọ pé àṣìṣe ni. Sọ pé ìwọ lo ṣe é."

Ọmọbìnrin náà rọra yọ ẹsẹ̀. Ó fi aṣọ gbígbẹ wé orí ìyá rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Bàámi ní kí n mú ọwọ́ ẹ wá fún àwọn wò," ló wí. "Mò ń mú un lọ."

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú aṣọ náà, ó gbé orí náà sórí tábìlì iṣẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ó wo ètè tó ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètè tirẹ̀ náà ká díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ pa iwájú orí, ó pa imú, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ta ló gbá a létí?"

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni, bàámi."

Bàbá kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ lọ, ó rà á bọ̀.

"Òun náà ló mú un dán?"

"Òun náà ni."

"Ó mọ òkúta mú dán o," ni bàbá wí. "Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Ó gbé òkúta náà lọ sórí ibojì fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé ní kó yí ẹ̀gbẹ́ ibi tó lápàá sí ògiri. Ọlọ́wọ́-Òsì ní rárá, ojú ọ̀nà ni kó kọ sí.

Ó ń padà wọlé nígbà tí àǹtí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Onítípà ti dé. Ó wà ní pálọ̀. Ṣé kí n ní kó máa lọ?"

"Ẹ ní kó jókòó, àǹtí," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n fọ eruku kúrò lọ́wọ́ mi."